Ibi Tí Ìwé Ìrìnnà Méjì Ti Lè Pàdé

Òfin Amẹ́ríkà kan wà tó yẹ kí gbogbo ọmọ Íńdíà tó ní àfẹ́sọ́nà lọ́hùn-ún mọ̀ dáadáa. Físà K-1 ni ọmọ Amẹ́ríkà fi ń mú àfẹ́sọ́nà rẹ̀ wọ̀lú kí wọ́n lè ṣègbéyàwó láàárín ọjọ́ 90. Ẹni tó bá fẹ́ tọrọ rẹ̀ yóò kọ́kọ́ fi fọ́ọ̀mù kan tó ń jẹ́ I-129F sílẹ̀, ó sì gbọ́dọ̀ fi ẹ̀rí hàn pé òun àti àfẹ́sọ́nà òun ti fojú kan ara wọn láàárín ọdún 2 tó ṣáájú ọjọ́ náà. Ọ̀rọ̀ orí fídíò, bó ti wù kó pọ̀ tó, kò lè dípò ìyẹn. Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì náà ń béèrè ohun tó jọ bẹ́ẹ̀. Ẹni tó fẹ́ mú àfẹ́sọ́nà, ọkọ tàbí aya wá síbẹ̀ gbọ́dọ̀ fi hàn pé àwọn ti pàdé lójúkojú, kó tó wá kan ọ̀rọ̀ owó tó ń wọlé fún un, èyí tó ti di £29,000 lọ́dún láti April 2024.

Báwo ni wọn ó ṣe wá pàdé? Bí ọmọ Íńdíà bá ní kí òun kàn gba físà ìbẹ̀wò lọ sí Amẹ́ríkà, abala 214(b) nínú òfin ìwọ̀lú ibẹ̀ ń dúró dè é. Ohun tí abala náà wí ni pé kí òṣìṣẹ́ ẹ́ḿbásì ka ẹni tó wá tọrọ físà sí ẹni tó fẹ́ lọ fìdí kalẹ̀ síbẹ̀, àyàfi bí onítọ̀hún bá fi hàn pé kò rí bẹ́ẹ̀. Ọ̀dọ́ tí kò tíì ṣègbéyàwó, tí kò ní ilé tàbí ilẹ̀ lórúkọ ara rẹ̀, tó wá sọ pé olólùfẹ́ òun ń retí òun ní Texas, kì í tètè rí ẹni gbà á gbọ́. Owó físà náà, $185, kì í padà. Ní 2022, ẹni tó ń wá ọjọ́ ìfọ̀rọ̀wánilẹ́nuwò ní àwọn ìlú ńlá kan ní Íńdíà ń dúró ju ọdún kan lọ. Bí ọ̀rọ̀ ṣe ń yí po nìyẹn: kí wọ́n tó fún ọ ní físà, ẹ gbọ́dọ̀ ti pàdé; kí ẹ tó lè pàdé, o gbọ́dọ̀ ní físà.

Ọ̀nà àbáyọ tí ọ̀pọ̀ èèyàn ti rí ni orílẹ̀-èdè kẹta, èyí tí kì í ṣe ti ẹnì kankan nínú àwọn méjèèjì, àmọ́ tó ń gba àwọn méjèèjì wọlé láìda físà láàmú. A máa ń sọ pé ojú lọ̀rọ̀ wà. Ìjọba Amẹ́ríkà àti ti Gẹ̀ẹ́sì ti sọ ọ́ di òfin. Nítorí náà, orúkọ àwọn ìlú tí ọmọ Íńdíà lè wọ̀ láìgba físà, tí àwọn ìwé ìròyìn máa ń tò fún àwọn tó fẹ́ lọ gbafẹ́, ohun mìíràn gbáà ló jẹ́ fún olólùfẹ́ tí òkun pín níyà. Ohun tó lè fòpin sí ìyapa wọn ni. Ó yẹ kí wọ́n kà á lọ́nà mìíràn.

Ẹnì kan lè béèrè pé kí ló dé tí ẹnì kejì kò kàn wá sí Íńdíà. Bí ìwé ìrìnnà ẹni náà bá lágbára, ó lè ṣeé ṣe, àwọn mìíràn sì ń ṣe é. Àmọ́ kò rọrùn fún gbogbo èèyàn. Bí àlejò láti òkè òkun bá sùn sí hòtẹ́ẹ̀lì ní Íńdíà, dandan ni kí onílé náà fi ìwé kan sọ fún ìjọba láàárín wákàtí 24. Àwọn hòtẹ́ẹ̀lì kan wà tí wọn kì í sì í fẹ́ gba ọkùnrin àti obìnrin tí kò tíì ṣègbéyàwó. Ọ̀pọ̀ ọ̀dọ́ Íńdíà ni kò tíì sọ ọ̀rọ̀ ìfẹ́ náà nílé, nítorí ìdílé tó ń wo ẹ̀yà, ẹ̀sìn àti ipò kò ní fojú kékeré wo àlejò òjijì. Ní tèmi, èrè kan tún wà nínú ilẹ̀ kẹta: ẹni méjì tó ṣẹ̀ṣẹ̀ fẹ́ fojú kan ara wọn jẹ́ àlejò bákan náà níbẹ̀. Kò sí ẹni tó wà nínú ilé rẹ̀, kò sì sí ẹni tó ń jẹ́ gbèsè oúnjẹ àti ibùsùn.

Ká wá wo orúkọ àwọn ìlú náà. Ohun tó máa ń ṣi èèyàn lọ́nà ni pé àwọn tó ń ka iye wọn, tí wọ́n ń sọ pé ó tó bí ọgọ́ta, ti da nǹkan mẹ́rin pọ̀ mọ́ra. Àwọn kan wà tí kò sí físà rárá níbẹ̀. Àwọn kan wà tí wọ́n ń fúnni ní físà ní pápákọ̀ òfurufú, bíi Indonesia, tó ń gba 500,000 rúpáyà owó tiwọn fún ọjọ́ 30. Àwọn kan ń béèrè àṣẹ orí íntánẹ́ẹ̀tì kí o tó wọ bàálù, tí wọ́n sì tún ń sọ pé àwọn kò gba físà mọ́. Kẹ́ńyà wà nínú wọn láti January 2024. Ẹ̀kẹrin ni àwọn tó fi físà ẹlòmíì ṣe ìdúró, èyí tí a ó padà dé. Fún arìnrìn-àjò lásán, ìyàtọ̀ wọn kò ju owó díẹ̀ lọ. Fún olólùfẹ́ méjì, ó ṣe pàtàkì, torí bí ẹnì kan bá dé tí wọ́n sì dá ẹnì kejì padà ní pápákọ̀, owó àti ọkàn ló bàjẹ́ pọ̀.

Ohun kejì ni pé orúkọ ìlú lórí ìwé kan ṣoṣo kò wúlò. Ìwé méjì ni a ń kà pọ̀. Ọmọkùnrin kan ní Chennai tó ń fẹ́ ọmọbìnrin kan ní Manila yóò wo ibi tí Íńdíà àti Filipínì ti bá ara wọn mu. Màlésíà bá wọn mu. Ọmọ Íńdíà ń wọ ibẹ̀ fún ọjọ́ 30 láìgba físà láti December 2023, wọ́n sì ti sún àǹfààní náà síwájú títí di ìparí 2026. Ọmọ Filipínì ní tirẹ̀ kò gba físà nítorí pé ìlú méjèèjì jọ wà nínú ẹgbẹ́ ASEAN. Táílàǹdì náà bá wọn mu. Láti June 2025, Filipínì fúnra rẹ̀ ti ń gba ọmọ Íńdíà fún ọjọ́ 14 láìgba físà, bó bá ní tíkẹ́ẹ̀tì àbọ̀ lọ́wọ́. Ọjọ́ 14 náà kò ṣeé fi kún. Bí olólùfẹ́ bá jẹ́ ọmọ Rọ́ṣíà ńkọ́? Kazakhstan ni èmi yóò kọ́kọ́ dárúkọ. Àwọn ará Rọ́ṣíà ń wọ ibẹ̀ bí ẹni ń wọlé ara wọn. Láti July 2022, ọmọ Íńdíà náà ní ọjọ́ 14 níbẹ̀ láìgba físà, níwọ̀n ìgbà tí kò bá ti lò ju ọjọ́ 42 lọ nínú ọjọ́ 180. Láti Delhi dé Almaty kò ju bíi wákàtí mẹ́rin lọ.

Ṣùgbọ́n kò sí ibi tó ṣí sílẹ̀ fún ọmọ Íńdíà bíi Nepal. Àdéhùn àlàáfíà àti ọ̀rẹ́ tí ìlú méjèèjì fọwọ́ sí ní July 31, 1950, ló so wọ́n pọ̀. Ọmọ Íńdíà lè wọ ibẹ̀, kó gbé ibẹ̀, kó ṣòwò níbẹ̀, láìní físà àti láìsí iye ọjọ́ kankan lórí rẹ̀. Bó bá wọ bàálù, ìwé ìrìnnà tàbí káàdì ìdìbò tó. Káàdì Aadhaar, tí àwọn ará Íńdíà ń lò fún nǹkan gbogbo nílé, kò tó fún ẹni tó wà láàárín ọdún 15 sí 65, ó sì ti já ọ̀pọ̀ èèyàn kulẹ̀ ní pápákọ̀. Ní ti ẹnì kejì, bó bá jẹ́ ọmọ Amẹ́ríkà, Gẹ̀ẹ́sì, Jámánì tàbí Brazil, wọn ó fún un ní físà ní pápákọ̀ òfurufú Kathmandu: $30 fún ọjọ́ 15, $50 fún ọjọ́ 30, $125 fún ọjọ́ 90. Láti Delhi, bàálù kì í lò tó wákàtí méjì. Ẹni tí kò lówó bàálù lè gba ojú títì kọjá ní ẹnubodè Sunauli tàbí Raxaul, kó fi bọ́ọ̀sì parí rẹ̀. Fún ọ̀dọ́ tí owó oṣù rẹ̀ kéré, kò sí ìlú mìíràn láyé tó rọrùn tó báyìí.

Ibẹ̀ náà ni ìṣọ́ra ti bẹ̀rẹ̀. Nítorí pé ẹnubodè náà ṣí fún ọmọ Íńdíà, wọn kì í sábà lu òǹtẹ̀ kankan sínú ìwé ìrìnnà rẹ̀. Ẹni tó bá fi káàdì ìdìbò wọlé kò tilẹ̀ ní ojú ewé tí òǹtẹ̀ lè bọ́ sí. Nígbà tó bá di ọjọ́ tí wọn ó béèrè ẹ̀rí pé ẹ ti pàdé, ibi tó rọrùn jù láti wọ̀ ló fi ẹ̀rí tó kéré jù sílẹ̀. Nítorí náà, ẹni tó bá lọ sí Nepal nítorí físà K-1 gbọ́dọ̀ kó ẹ̀rí tirẹ̀ jọ: ìwé ìwọ bàálù tó lórúkọ rẹ̀, rìsíìtì hòtẹ́ẹ̀lì tí orúkọ àwọn méjèèjì wà lórí rẹ̀, fọ́tò níbi tí ojú wọn hàn tí ìlú náà sì hàn, àti físà Nepal tó wà nínú ìwé ìrìnnà ẹnì kejì. Èmi yóò gba irú ẹni bẹ́ẹ̀ nímọ̀ràn pé kó wọ bàálù, kó má gba ojú títì, nítorí pé bàálù ní àkọsílẹ̀, bọ́ọ̀sì kò ní.

Ohun mìíràn tún wà nípa ẹnubodè yẹn tó yẹ ká sọ jáde gbangba. Ọmọ Íńdíà àti ọmọ Nepal nìkan ló ṣí fún. Ní 2023, ọ̀rọ̀ obìnrin ará Pakistan kan gba gbogbo ìwé ìròyìn Íńdíà. Ó ti mọ ọkùnrin ará Íńdíà kan nídìí eré PUBG orí fóònù, wọ́n sì pàdé ní Kathmandu ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún náà. Kò sí ohun tó burú nínú ìyẹn; Nepal ń gba àwọn ará Pakistan náà. Ní oṣù May, obìnrin náà tún padà sí Nepal pẹ̀lú ọmọ rẹ̀ mẹ́rin, ó sì bá bọ́ọ̀sì wọ Íńdíà láìní físà. Ní July, ọlọ́pàá mú òun àti ọkùnrin náà, wọ́n gbé wọn lọ sílé ẹjọ́ kí wọ́n tó rí béèlì. Ìpàdé ní Nepal bófin mu, ìrìn láti Nepal wọ Íńdíà ni kò bófin mu. Ẹni tí olólùfẹ́ rẹ̀ jẹ́ ará Pakistan, tí ó sì mọ bí físà ti ṣòro tó láàárín ìlú méjèèjì, lè rò pé ìgbésẹ̀ kan ló kù. Ìgbésẹ̀ yẹn ló lè ba gbogbo ohun tó kù jẹ́, nítorí pé àkọsílẹ̀ ẹ̀ṣẹ̀ ìwọ̀lú kì í kúrò lára èèyàn bọ̀rọ̀.

Bhutan kò jìnnà sí Nepal, ọmọ Íńdíà kò sì gba físà níbẹ̀, ìwé ìyọ̀ǹda nìkan ni wọ́n ń fún un. Àmọ́ ìjọba ibẹ̀ ń gba owó òru: 1,200 rúpíì lọ́wọ́ ọmọ Íńdíà, $100 lọ́wọ́ àlejò láti ibi tó jìnnà. Bí olólùfẹ́ bá wá láti Amẹ́ríkà fún òru 7, $700 ti lọ kí wọ́n tó jẹun. Ibẹ̀ lẹ́wà, àmọ́ kì í ṣe ibi tí mo máa rán àwọn tí owó ń dà láàmú lọ.

Táílàǹdì ni ọ̀pọ̀ ń sá lọ. Láti November 2023 ni ọmọ Íńdíà ti ń wọ ibẹ̀ láìgba físà, ọjọ́ 30 ni wọ́n fi bẹ̀rẹ̀, wọ́n sọ ọ́ di 60 ní July 2024, lẹ́yìn náà ni àwọn aláṣẹ ibẹ̀ tún bẹ̀rẹ̀ sí í sọ pé àwọn lè dá a padà sí 30. Ẹni tó bá fẹ́ lọ gbọ́dọ̀ wo ohun tí ẹ́ḿbásì sọ ní ọ̀sẹ̀ tó fẹ́ ra tíkẹ́ẹ̀tì. Táílàǹdì ní fọ́ọ̀mù ìwọ̀lú orí íntánẹ́ẹ̀tì, TDAC, tí àlejò ń kọ ní ọjọ́ 3 kó tó dé. Màlésíà ní tirẹ̀, MDAC. Ọ̀fẹ́ ni méjèèjì. Àwọn oníjìbìtì ti ṣí ojúlé tó jọ ti ìjọba, wọ́n sì ń gba owó lọ́wọ́ èèyàn fún ohun tí ìjọba kò tà. Ẹni tó bá sì pẹ́ kọjá ọjọ́ rẹ̀ ní Táílàǹdì yóò san 500 báàtì fún ọjọ́ kọ̀ọ̀kan títí dé 20,000, kó tó di pé wọ́n fòfin dè é láti má padà wá. Mo mẹ́nu kan èyí nítorí pé ìpínyà ní pápákọ̀ máa ń dun olólùfẹ́, àwọn kan sì máa ń fẹ́ fi ọjọ́ díẹ̀ kún un. Kí wọ́n má ṣe bẹ́ẹ̀. Gbogbo fọ́ọ̀mù físà tí wọn ó kọ lọ́jọ́ iwájú ni yóò béèrè bóyá wọ́n ti rú òfin ìwọ̀lú rí.

Àǹfààní wọ̀nyí kì í wà títí láé. Títí di ìparí 2022, ọmọ Íńdíà ń wọ Serbia láìgba físà. Ilẹ̀ Yúróòpù nìyẹn, kò sì jìnnà sí Jámánì àti Austria, nítorí náà ó wúlò gan-an fún àwọn tí olólùfẹ́ wọn wà lápá ibẹ̀. Àjọ ìṣọ̀kan Yúróòpù fi agbára bá Serbia sọ̀rọ̀ nítorí àwọn tó ń gba ibẹ̀ yọ́ kọjá, Serbia sì pa ìlẹ̀kùn náà dé ní January 1, 2023. Iran ṣí tirẹ̀ ní February 2024 fún ọjọ́ 15; ní November 2025, wọ́n dá a dúró fún àwọn ọmọ Íńdíà, lẹ́yìn tí àwọn ọ̀daràn ti fi irọ́ iṣẹ́ tan àwọn kan lọ síbẹ̀ tí wọ́n sì jí wọn gbé. Ẹni tó bá ń ṣètò ìpàdé fún oṣù mẹ́fà sí i, kó ra tíkẹ́ẹ̀tì tó ṣeé yí padà bí apá rẹ̀ bá ká a.

Mo ṣèlérí pé a ó padà sí àwọn ìlú tó fi físà ẹlòmíì ṣe ìdúró. Ọmọ Íńdíà tó ń ṣiṣẹ́ tàbí kẹ́kọ̀ọ́ ní Amẹ́ríkà, Gẹ̀ẹ́sì, Kánádà tàbí Yúróòpù kò wà ní ipò kan náà pẹ̀lú ẹni tó wà ní Lucknow ní Íńdíà. Mẹ́síkò ń gba ẹni tí físà Amẹ́ríkà, Kánádà, Gẹ̀ẹ́sì, Japan tàbí Schengen rẹ̀ ṣì ń ṣiṣẹ́, fún ìwọ̀n ọjọ́ 180, láìbéèrè físà tiwọn. Georgia náà ń ṣe bẹ́ẹ̀ fún ọjọ́ 90. Nítorí náà, ọmọ Íńdíà kan ní Houston tí àfẹ́sọ́nà rẹ̀ jẹ́ ọmọ Colombia ní ibi ìpàdé tó sún mọ́ ọn ju bó ti rò lọ. Kó ṣáà rí i dájú, kó tó jáde, pé ìwé tirẹ̀ yóò jẹ́ kó padà wọ Amẹ́ríkà.

Ọ̀nà tí bàálù ń gbà tún jẹ́ ìṣòro tí àwọn tó ń to orúkọ ìlú kì í sọ. Barbados, Dominica, Trinidad àti Jamaica ń gba ọmọ Íńdíà láìgba físà. Ṣé bàálù wà tó ń lọ tààrà láti Mumbai sí Barbados? Kò sí. Lọ́ndọ̀nù, Amẹ́ríkà tàbí Kánádà ni ọ̀pọ̀ bàálù ń gbà lọ síbẹ̀. Amẹ́ríkà kò gba ẹnikẹ́ni tó nílò físà láti kọjá ní pápákọ̀ rẹ̀ láìní físà. Gẹ̀ẹ́sì náà máa ń béèrè físà ìkọjá lọ́wọ́ ọmọ Íńdíà, àní bí kò bá tilẹ̀ jáde kúrò nínú pápákọ̀, àyàfi bó bá ní àwọn ìwé kan lọ́wọ́ bíi físà Amẹ́ríkà. Bí ẹni pé wọ́n ṣílẹ̀kùn fún ọ ní ilé tí ò ń lọ, ṣùgbọ́n àárín àgbàlá ẹlòmíì ni ọ̀nà gbà kọjá, onítọ̀hún sì ti ti géètì rẹ̀.

Ó kàn wá náà, nítorí pé àwọn ọmọ Yorùbá wà tí olólùfẹ́ wọn jẹ́ ọmọ Íńdíà. Ọ̀pọ̀ ọmọ wa ti kẹ́kọ̀ọ́ ní Pune, Bangalore àti Punjab, àwọn ará Íńdíà sì ti pẹ́ tí wọ́n ń ṣòwò l'Ékòó. Ìwé ìrìnnà Nàìjíríà àti ti Íńdíà kì í bára mu níbi tí èèyàn bá rò. Nepal tí mo yìn tó báyẹn wà lára ibi tí kò ṣeé lọ bẹ́ẹ̀: ọmọ Nàìjíríà wà lára àwọn díẹ̀ tí wọn kì í fún ní físà ní pápákọ̀ Kathmandu, ó ní láti tọrọ rẹ̀ ṣáájú. Màlésíà àti Táílàǹdì náà ń béèrè físà lọ́wọ́ wa. Ibi tí ìwé méjèèjì ti pàdé kéré, àmọ́ ó wà. Maldives ń fún gbogbo ọmọ aráyé ní ọjọ́ 30 lọ́fẹ̀ẹ́ ní pápákọ̀, bí èèyàn bá ní ibi tó máa sùn àti tíkẹ́ẹ̀tì àbọ̀. Ilé àlejò ní erékùṣù Maafushi kò wọ́n bí àwọn hòtẹ́ẹ̀lì orí omi tí a ń rí nínú fọ́tò. Rùwáńdà ń gba àwọn ọmọ ìlú tó wà nínú Commonwealth àti ti Áfíríkà fún ọjọ́ 30 lọ́fẹ̀ẹ́, Íńdíà àti Nàìjíríà sì jọ wà nínú Commonwealth.

Èyí tí mo fẹ́ràn jù ni Kẹ́ńyà. Ọmọ Íńdíà yóò gba àṣẹ orí íntánẹ́ẹ̀tì, yóò san bíi $30. Láti 2025, ọ̀pọ̀ ọmọ Áfíríkà, títí kan tiwa, kò tilẹ̀ nílò ìyẹn mọ́. Bàálù ń lọ láti Èkó sí Nairobi, ó sì ń lọ láti Mumbai sí Nairobi. Ìlú náà fúnra rẹ̀ mọ Íńdíà. Àwọn ará Íńdíà ti wà níbẹ̀ láti ìgbà tí wọ́n ń la ojú irin Mombasa, nígbà tó sì di July 2017, ìjọba Kẹ́ńyà kéde wọn gẹ́gẹ́ bí ẹ̀yà kẹrìnlélógójì ní orílẹ̀-èdè náà. Ẹni tí kì í jẹ ẹran láti Gujarat yóò rí oúnjẹ jẹ ní àdúgbò Parklands ní Nairobi, ọmọ Yorùbá náà kò ní pẹ́ kó tó rí ẹja díndín àti ìrẹsì. Wọn kò ní máa wò wọ́n bí ohun àjèjì lójú pópó.

Ohun kan péré ni kí wọ́n má gbàgbé: ibà pọ́njú. Ìjọba Íńdíà ka Kẹ́ńyà, Nàìjíríà àti Rùwáńdà mọ́ ibi tí àìsàn náà wà. Ọmọ Íńdíà tó bá padà sílé láti ibẹ̀ láìní ìwé abẹ́rẹ́ àjẹsára, tí ó kéré tán ọjọ́ 10 ti kọjá lórí abẹ́rẹ́ náà, lè bá ara rẹ̀ nínú ìyàsọ́tọ̀ fún ọjọ́ 6. Láti July 2016, ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ni èèyàn ń gba abẹ́rẹ́ náà láyé rẹ̀. Àwa tí a wà ní Nàìjíríà mọ yellow card dáadáa, ó yẹ ká rán olólùfẹ́ létí, nítorí pé ní Íńdíà, ibùdó díẹ̀ ló ń fúnni ní abẹ́rẹ́ náà, ó sì gba kí èèyàn gba ọjọ́ ṣáájú.

Àìgbafísà kò túmọ̀ sí pé kò sí ẹni tó máa béèrè ọ̀rọ̀. Ní pápákọ̀ Íńdíà gan-an, òṣìṣẹ́ aṣọ́bodè lè dá ọ̀dọ́ tó ń lọ sí Bangkok dúró, kó bi í ibi tó máa sùn sí, ọjọ́ tó máa padà, iye owó tó wà lọ́wọ́ rẹ̀ àti ẹni tó fẹ́ lọ rí. Wọ́n ní ìdí. Àwọn onígbájúẹ̀ tó wà ní Myawaddy ní Myanmar máa ń pe ọ̀dọ́ Íńdíà lọ sí Táílàǹdì pẹ̀lú ìlérí iṣẹ́, wọ́n á sì kó wọn sọdá odò, wọ́n á fi wọ́n ṣẹrú níwájú kọ̀ǹpútà. Ní March 2025, ìjọba Íńdíà fi bàálù kó èèyàn tó ju 500 padà wálé láti ibẹ̀. Iṣẹ́ tí wọ́n fi tipátipá kọ́ àwọn kan nínú wọn ni bí a ṣe ń fi ìfẹ́ irọ́ tan àlejò lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Nítorí náà, mo bẹ ẹnikẹ́ni tó fẹ́ lọ pàdé olólùfẹ́ tí kò tíì fojú kàn rí pé kó sanwó tíkẹ́ẹ̀tì àti yàrá rẹ̀ fúnra rẹ̀, kó sùn sí ìlú ńlá, kí ẹnì kan nílé mọ orúkọ hòtẹ́ẹ̀lì rẹ̀, kó má sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni gba ìwé ìrìnnà lọ́wọ́ rẹ̀ tàbí gbé e lọ sí ẹ̀gbẹ́ ààlà. Olólùfẹ́ òdodo kò ní bínú sí èyí. Bí aṣọ́bodè bá béèrè ọ̀rọ̀, kó sọ òtítọ́: ọ̀rẹ́ mi ni mo fẹ́ lọ rí, ibi tí a máa sùn nìyí, tíkẹ́ẹ̀tì àbọ̀ mi nìyí. Irọ́ kékeré níbẹ̀ ló máa ń fa kí wọ́n dá èèyàn padà sílé.

Lẹ́yìn ìpàdé kan tàbí méjì, ọ̀rọ̀ yóò kan ìgbéyàwó. Bí wọ́n bá fẹ́ ṣe é ní Íńdíà lábẹ́ òfin, Special Marriage Act ti 1954 ni ọ̀pọ̀ ń lò. Ọ̀kan nínú àwọn méjèèjì gbọ́dọ̀ ti gbé agbègbè náà fún ọjọ́ 30 kí wọ́n tó fi ìwé ìfitónilétí sílẹ̀, wọn ó sì tún dúró ọjọ́ 30 mìíràn kí ẹnikẹ́ni tó ní àtakò lè sọ ọ́. Kí ẹni tó ń gbé ibẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ètò náà ṣáájú kí àlejò tó dé, kí ọjọ́ físà àlejò má baà parí lórí ìdúró. Ọkọ tàbí aya ọmọ Íńdíà lè gba físà ìwọ̀lú tó jẹ́ ti ìdílé, tó ṣeé sọ di ọ̀tun láti Íńdíà gan-an. Bí ìgbéyàwó náà bá sì ti pé ọdún 2 lórí ìwé, tí wọ́n ṣì jọ wà pọ̀, onítọ̀hún lè tọrọ káàdì OCI, àyàfi bó bá ti jẹ́ ọmọ Pakistan tàbí Bangladesh rí, tàbí tí òbí rẹ̀ jẹ́ bẹ́ẹ̀. Ẹni tó bá ní káàdì yẹn lè wọ Íńdíà, kó jáde, kó gbé ibẹ̀ bó ti fẹ́, láìtún tọrọ físà.